Ìfọwọ́sí Bàbá Ìyìn

Láti oṣù Kẹta ni Bámidélé Ọ̀pádọ̀tun ti yẹra fún búrẹ́dì. Kì í ṣe pé dókítà ló ní kó má jẹ ẹ́ mọ́, eyín kò sì dùn ún. Ojú tó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì náà ni kò lè wò. Bí Adéjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá gbé e sórí tábìlì láàárọ̀, Bámidélé á dojú rẹ̀ délẹ̀. Á wá rántí pé wọ́n tẹ ojú kan náà sẹ́yìn ọ̀rá ọ̀hún. Á dìde, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, á gba ibi iṣẹ́ lọ pẹ̀lú ebi.

Ojú náà kì í sì í fi í sílẹ̀ lọ́nà. Ní gáréèjì Fìdítì, àwọn tó ń ta búrẹ́dì á gbé e lérí, wọn á máa sáré tẹ̀lé mọ́tò, ojú mẹ́rìnlélógún á sì máa sáré bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wà nínú gọ́tà. Ó há sára igi ọgbà ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ kan ewúrẹ́ kan ń jẹ ọ̀kan nínú ọ̀rá náà lẹ́bàá títì, ó ti jẹ ẹnu àti imú tán, ó ku ojú, ojú náà sì ń wo Bámidélé láti ẹnu ewúrẹ́. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé òun á máa di ojú láti Fìdítì títí dé Ìlora. Ọlọ́kadà tó gbé e rò pé àdúrà ló ń gbà, ó sì ń bá a ṣe àmín ní gbogbo kòtò.

Kóòṣì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún méjìlélógún ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àtàtà, Ìlora, níbi tí pápá ti dagẹ̀rẹ̀ débi pé ẹgbẹ́ tó bá ń gbá a sókè gbọ́dọ̀ mú oúnjẹ ọ̀sán dání. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kiri abúlé, kó mú un wá, kó bọ́ ọ, kó kọ́ ọ. Iṣẹ́ àwọn ilé ìwé ńláńlá n'Ìbàdàn àti l'Ékòó ni láti wá mú ọmọ náà lọ lọ́jọ́ tó bá di ẹni tí ayé ń wò. Bí a bá to àwọn tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ìlà, ìlà náà á ti Ìlora kọjá Fìdítì, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ pátápátá á sì ti máa bi ará iwájú pé kí ni wọ́n ń pín. Ife ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kò wọ Ìlora rí. Ó ku ọdún méjì kí Bámidélé fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé ni kí agbábọ́ọ̀lù kan, ẹyọ kan péré, dúró ti òun títí ife náà á fi dé.

Ìyìn ni ẹyọ kan ọ̀hún. Ọmọ Fìdítì ni, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹlẹ́sẹ̀ òsì. Wọ́n ní ó gbá bọ́ọ̀lù kan ní Jobele tó wọlé, tó já àwọ̀n, tó fo ògiri kọjá, tó sì lọ bá ìyá kan nídìí kànga níbi tó ti ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé òun ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó jọ bàbá rẹ̀ bíi pé ó pọ̀ ọ́ sílẹ̀: èjí nínú eyín, àti irun ojú òsì tó ga ju ti ọ̀tún lọ díẹ̀, bíi pé ó ń bi ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé, ṣé ó dá ọ lójú?

Akinolúwa, bàbá rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ tí Bámidélé fẹ́ràn jù láyé. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Jobele. Ní ọ̀sán ọjọ́rú kan, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n bá òun mú báírò wá láti orí tábìlì kejì. Báírò dé, ẹni tó béèrè rẹ̀ ti lọ. Ìtẹ́ òkú àwọn Onítẹ̀bọmi ní Fìdítì ni wọ́n sin ín sí, gbogbo ìlú ló sì wà níbẹ̀. Bámidélé wà lára àwọn mẹ́fà tó gbé pósí.

Nígbà tí Alhaja Wòsílátù, oníbúrẹ́dì kan láti Ọ̀yọ́, wá sọ pé òun fẹ́ fi àwòrán Ìyìn sára ọ̀rá búrẹ́dì òun, Bámidélé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jó. Alhaja kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gólì ju ibi tí ariwo ti ń wá lọ, ṣùgbọ́n ó ti ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí ọmọ yẹn bá gbá bọ́ọ̀lù, búrẹ́dì kì í ṣẹ́kù nílùú. Ó ní òun á máa san owó ilé ìwé rẹ̀, òun á sì máa fi búrẹ́dì bọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Abdulwasiu, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà, ló kọ ìwé àdéhùn. Ìwé náà ki ju búrẹ́dì lọ. Fún ọdún mẹ́ta, Ìyìn kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé mìíràn. Kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì ẹlòmíràn níbi tí ènìyàn ti lè rí i. Kò gbọdọ̀ dirun tó yàtọ̀ sí ti ara ọ̀rá. Bámidélé ka èyí àkọ́kọ́, kò wo ìyókù. Ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyí tó rí okùn tó lè so agbábọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, búrẹ́dì ni wọ́n sì fi hun ún.

Ìyìn fọwọ́ sí ibi tirẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ó ku ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: orúkọ bàbá, ìfọwọ́sí bàbá. Kò sí àyè ìyá. Bámidélé lọ bá Hannah, ìyá ọmọ náà, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kì í pààrọ̀ gílóòbù láìkọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Hannah ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ méje, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ojú ọmọ òun wà lára ohun tí wọ́n ń jù sí gọ́tà. Abdulwasiu ní òun kò lè dúró kọjá ọjọ́ Jímọ̀, torí atẹ̀wé á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, bí ìyá bá sì fẹ́ fọwọ́ sí i dípò bàbá, kó kọ́kọ́ lọ gba ìwé wá ní kóòtù.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, Bámidélé ti ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí mọ́ra. Ó dán ìfọwọ́sí Akinolúwa wò lẹ́ẹ̀mẹta sẹ́yìn ìwé orúkọ agbábọ́ọ̀lù: lẹ́tà A ńlá kan tó dà bí ebè, ìlà kan á sáré láti ìdí rẹ̀ lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, á tún pẹ̀yìn dà, á gba àárín orúkọ náà kọjá, bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ti yí ọkàn padà. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ síbi tó yẹ kí bàbá kọ ọ́ sí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí Akinolúwa bá wà láyé ni, á fọwọ́ sí i. Ó gbé ìwé náà lọ sí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún Hannah lọ́jọ́ kejì pé ilé ìwé ti bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ ìwé. Hannah ní àdúrà òun ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta.

Wàyí o, atẹ̀wé tí Alhaja gbé iṣẹ́ fún, ìwé ìkéde òkú ló máa ń tẹ̀. Àwòṣe kan ṣoṣo ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀: àwọsánmà, ẹyẹlé funfun méjì, òdòdó yí ká, àyè fún ojú olóògbé láàárín. Ojú Ìyìn ló fi sáàárín. Nígbà tí búrẹ́dì náà dé Akinmorin, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ ìsìnkú. Dorothy, ọ̀gá ilé ìwé tí Hannah ti ń kọ́ni, sunkún wá sílé wọn. Ìyìn fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un, Dorothy sì ti ní kó kú àmúmọ́ra kó tó rántí ẹni tó ń kí. Ìlú fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bámidélé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe gbé ọ̀rá náà dání, ojú Ìyìn kọ́ ló rí láàárín ẹyẹlé méjèèjì, ojú Akinolúwa ni. Irun ojú òsì ga sókè, ó ń bi í ní ìbéèrè rẹ̀.

Oṣù Karùn-ún ni Lateefah dé. Kóòṣì obìnrin ni ní yunifásítì kan n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì jókòó sórí òkúta létí pápá Àtàtà fún wákàtí méjì gbáko, ó ń wo ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tí eré parí, ó ní yunifásítì òun á gba Ìyìn lọ́fẹ̀ẹ́, á kọ́ ọ ní iṣẹ́ títọ́jú egungun àti iṣan, iṣẹ́ tí ọmọ náà ti ń lá lálàá láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹ́. Ó ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹfà ni wọ́n á gba orúkọ kẹ́yìn. Hannah tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọlọ́jọ́ méje, ìdáhùn sì dé lọ́jọ́ karùn-ún. Ìyìn ti di bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sínú àpò.

Ìwé tí Abdulwasiu fi ránṣẹ́ sí yunifásítì àti Hannah ló dá a dúró. Ó ní yunifásítì kan fẹ́ jí búrẹ́dì ìyá òun gbé. Ó ní àdéhùn wà nílẹ̀, pé bàbá ọmọ ti fọwọ́ sí i, ó sì so ẹ̀dà ojú ewé tó kẹ́yìn mọ́ ọn. Lateefah sọ ọ́ gbangba pé yunifásítì kò ní fọwọ́ kan agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú àdéhùn ẹlòmíràn. Bí àdéhùn náà bá dúró, Ìyìn á dúró. Bí ó bá fọ́ kó tó di ọjọ́ kẹtàlélógún, Ìyìn á lọ.

Ó rọrùn láti fọ́ ọ. Ìwé ẹ̀rí ikú Akinolúwa wà nínú àpótí Hannah. Ohun tó kù ni kó mú un jáde kó gbé e fún lọ́yà. Bámidélé pàápàá retí pé bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe, ó sì ti ń to irọ́ tó máa pa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Hannah kò mú un jáde.

Ó jókòó sórí àga nínú kíṣìnì rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ojú ewé náà títí ìrẹsì fi jóná. Ó lọ kó àwọn lẹ́tà tí ọkọ rẹ̀ kọ sí i nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn jáde, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ebè kan náà ni. Ìlà kan náà ló ń pẹ̀yìn dà. Lọ́jọ́ kejì ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, ó bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé búrẹ́dì pé ta ló gbé ìwé yìí wá. Ẹni náà, tó fẹ́ ṣoore fún obìnrin tó dà bí ẹni tí yóò sunkún, ní ọkùnrin àgbà kan tó dé fìlà ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sanra, kò tín-ín-rín. Àpèjúwe yìí bá ìdajì ọkùnrin tó wà ní Ọ̀yọ́ mu. Ó bá Akinolúwa náà mu.

Bí Fìdítì ṣe gbọ́ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ìlú tó sin Akinolúwa ti gbà pé Akinolúwa di àkúdàáyà, pé ó kú fún wọn nílé, ó wá lọ ń gbé ayé mìíràn ní Ọ̀yọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, pé ìfẹ́ ọmọ ló jẹ́ kó gbàgbé ara rẹ̀ tó fi wá fọwọ́ sí ìwé búrẹ́dì. Rachel tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì ní òun rí i ní Jobele, ó ń jẹ àgbàdo sísè, ó sì yíjú kúrò. Jesse ọlọ́kadà ní òun gbé e láti Ìlora, pé kò wúwo rárá, ó sì bọ́ sílẹ̀ láìsanwó. Èyí ló mú kí àwọn tó mọ Akinolúwa dáadáa gbà pé òun ni. Ẹnìkan ní ó ti fẹ́ ìyàwó tuntun, ẹlòmíràn ní méjì ni, ẹni kẹta ti mọ orúkọ àwọn ọmọ. Àlùfáà wọn wàásù lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ Àìkú pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á gbọ́. Àwọn tí kò tíì gbọ́ wá tipa bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Hannah kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Adéjọkẹ́ ló ń gbé ìròyìn rẹ̀ wálé fún Bámidélé, bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní Ìyá Ìyìn ti fọ agbádá ọkọ rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní àwo méjì ló ń bu oúnjẹ sí. Ó ní ó ti dé Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń dúró sídìí géètì yẹn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ilé búrẹ́dì sì ti ń fún un ní àga. Ìyìn bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ìwé ẹ̀rí ikú jáde, ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Hannah bi ọmọ náà pé ṣé ó fẹ́ kí òun fọwọ́ ara òun pa bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bámidélé gbọ́, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bó bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ á lọ, owó ìfẹ̀yìntì á lọ, ẹsẹ̀ òsì á lọ sí Ìbàdàn, ife á tún gba ẹ̀yìn Ìlora kọjá. Bí kò bá jẹ́wọ́, ó ní Ìyìn fún ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Ó yàn láti dákẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí ọlọ́kadà ṣe gbé e kọjá ọjà Fìdítì, ó rí ọkùnrin kan tó dé fìlà tó bẹ̀rẹ̀ tó ń yẹ iṣu wò, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì jọ ti Akinolúwa gẹ́lẹ́. Ó ní kí ọlọ́kadà dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wá a káàkiri, láàárín iṣu, láàárín ẹ̀gẹ́, kò rí i. Ìgbà tó ti padà sórí ọ̀kadà ló tó rántí pé nínú gbogbo ayé, òun nìkan ni kò yẹ kó máa wá a. Òun ló fọwọ́ sí ìwé náà. Àbí òun kọ́? Ó ti ń ṣe é bíi pé nínú yàrá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ọwọ́ náà ti mọ ọ̀nà jù, pé ó yára ju bí òun ṣe fẹ́ kó yára lọ.

Ọjọ́ kejìlélógún, ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Dókítà Fọláfúnmi, ọ̀gá àgbà wọn, ló ṣe alága, kò sì fẹ́ kí Ìyìn lọ rárá, torí láti ìgbà tí búrẹ́dì ti jáde ni àwọn tó ń wá sí Àtàtà ti di ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì nínú wọn rò pé búrẹ́dì ni wọ́n ń pín. Abdulwasiu wà níbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù dúdú nínú ooru. Lateefah wà níbẹ̀. Ìyìn jókòó sí igun, àpò bàtà rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀.

Abdulwasiu ní òfin kò mọ ohun tó ń jẹ́ àkúdàáyà. Ìfọwọ́sí wà nílẹ̀, ìyàwó ẹni tó ni ín mọ̀ ọ́n, kò sí ìwé kankan níwájú ìgbìmọ̀ tó sọ pé ẹni náà kò sí láyé, ènìyàn mẹ́ta sì ti rí i. Ọ̀gá àgbà ní ohun tó yẹ ni kí wọ́n pe ẹni náà kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i, wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé búrẹ́dì, wọ́n sì pè é ní agogo mọ́kànlá. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbé àga kan sílẹ̀ fún un ní ọwọ́ ọ̀tún tábìlì, pẹ̀lú omi inú ike, àti bébà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Hannah ló jókòó ti àga náà. Ó wọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kó Ìyìn jáde, ó sì ti lọ di irun. Agogo mọ́kànlá lù. Òjíṣẹ́ kan ṣílẹ̀kùn, ó gbé fáìlì wọlé, Hannah yíjú. Ó jáde, ó tún wọlé, Hannah tún yíjú. Atẹ́gùn ti ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fẹ́ dìde, ó tún jókòó, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Ó fa ike omi náà súnmọ́ etí àga bíi pé ẹni tó ń bọ̀ á ti rìn nínú oòrùn. Bámidélé jókòó sí òdìkejì. Ó gbìyànjú láti wo tábìlì. Ó gbìyànjú láti wo òrùlé. Agogo mọ́kànlá àbọ̀ kọjá. Ẹnìkan wúkọ́ nínú ọ̀nà ìta, ikọ́ ọkùnrin tó ti dàgbà, Hannah sì dìde dúró pátápátá, ó dojú kọ ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láyà.

Olùṣọ́ ọgbà ni. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Kò ní wá," ni Bámidélé wí.

Ọ̀gá àgbà ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ fún ẹni náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.

"Kò ní wá, mà. Ibi tí a gbé e sí ló wà. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Bámidélé sọ gbogbo rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀, yàrá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ìwé orúkọ, bó ṣe gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ tí òun fúnra rẹ̀ sì dé fìlà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, bí ẹni tó ń ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù. Abdulwasiu tún ojú ewé náà gbé, ó wò ó, ó rọra kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó sì bọ́ kóòtù rẹ̀. Lateefah kọ nǹkan sínú ìwé. Ọ̀gá àgbà ní àdéhùn náà kò sí mọ́, ní ti Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀pádọ̀tun, kó dúró de lẹ́tà. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ sí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára Hannah, tó ṣì wà lórí ìdúró, tó ṣì dojú kọ ilẹ̀kùn.

Ìyìn ló kọ́kọ́ rìn. Ó wá dúró níwájú Bámidélé.

"Kóòṣì, gbogbo ìgbà tí màmá mi ń lọ dúró sídìí géètì yẹn, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ọmọ náà gbé àpò bàtà rẹ̀, ó tẹ̀lé Lateefah jáde láìdágbére. Àwọn yòókù ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń kúrò ní ilé ọ̀fọ̀. Ó ku àwọn méjì.

Hannah jókòó. Ó pè é ní orúkọ àkọ́bí rẹ̀ bó ṣe máa ń pè é.

"Bàbá Motún, níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

Bámidélé ní nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà ni, pé gbogbo ọjọ́bọ̀ ni Akinolúwa máa ń gba ojú fèrèsé jáde ní kíláàsì, òun ni òun sì máa ń bá a fọwọ́ sí ìwé pé ó wà níjòókòó. Ọdún méjì ni òun fi ṣe é. Olùkọ́ wọn kò fura rí.

"Ọjọ́bọ̀," ni Hannah wí. "Ó máa ń sọ fún mi pé wọn kì í ní iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Ilé àǹtí mi ló ń wá."

"Mo mọ̀, Ìyá Ìyìn."

Hannah ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé ọmọ ilé ìwé kan jáde, ó fa ewé kan ya nínú rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ síwájú Bámidélé pẹ̀lú pẹ́ńsùlù kúkúrú kan.

"Ẹ kọ ọ́ kí n rí i."

Bámidélé ní òun ti búra pé òun kò ní kọ ọ́ mọ́ láyé. Hannah kò mú pẹ́ńsùlù náà kúrò. Bámidélé mú un. Ebè náà dúró, ìlà náà sáré lọ, ó pẹ̀yìn dà. Hannah kò wo bébà rárá. Ọwọ́ tó ń kọ ọ́ ló ń wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tí ó fi dúró.

"Ó ti kú lóòótọ́, àbí?"

"Ó ti kú, Ìyá Ìyìn. Ẹ dárí jì mí."

Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó mú bébà náà, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sínú ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ó ní òun ní láti tètè délé kí òun ṣí àpótí, torí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ikú bàbá gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí Ìyìn máa gbé dé Ìbàdàn lọ́la, àti pé òun ni òun máa fọwọ́ sí ibi tó kù. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tí òjíṣẹ́ fi gbé lẹ́tà ọ̀gá àgbà dé. Wọ́n tètè tẹ̀ ẹ́, inki rẹ̀ ṣì ń lẹ̀. Ó ní kí Kóòṣì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ó ti gbà á. Bámidélé na ọwọ́ sí bébà náà, ó sì dáwọ́ dúró. Òjíṣẹ́ náà ń dúró. Ó wúkọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó ní kí Kóòṣì má bínú, orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n fẹ́.

Bámidélé ní òun mọ̀. Ó ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú kan, òun ń gbìyànjú láti rántí bí ìfọwọ́sí tòun ṣe máa ń rí.